Ẹni tó bá fẹ́ wo iná Nagaoka, kó dé ní ọjọ́ kìíní

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n máa ń yìn sójú ọ̀run létí odò Shinano, nílùú Nagaoka ní Japan, ọjọ́ tó fẹ́ dé ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń yìn ín lọ́dọọdún. Ì báà bọ́ sí Mọ́ńdè, ì báà bọ́ sí Jímọ̀, wọn kì í sún un. Torí náà, ọjọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń wọ̀lú, wọ́n á wo iná, wọ́n á sì padà sí Tokyo lóru ọjọ́ kan náà. Wọ́n á gbádùn ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni mo máa ń ní kí èèyàn dé, torí ọjọ́ yẹn ni ìlú náà ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀fọ̀ yẹn kò ní mọ ohun tó ń pa àwọn àgbàlagbà lẹ́kún lọ́jọ́ kejì níbi tí àwọn ọmọdé ti ń pàtẹ́wọ́.

Ìpínlẹ̀ Niigata ni Nagaoka wà. Shinano tó gba àárín rẹ̀ kọjá ni odò tó gùn jù ní Japan, kìlómítà 367 ni, bèbè rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ rẹrẹ débi pé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lè jókòó síbẹ̀. Wọ́n ti ń yìn iná ní ìlú yìí tipẹ́. Ọdún 1879 ni ti àkọ́kọ́ tó wà lákọsílẹ̀, nígbà tí wọ́n yìn 350 níbi ọdún Hachiman, òrìṣà wọn. Ayẹyẹ ni nígbà yẹn, kò ní ẹkún nínú. Ogun ló yí i padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Japan túúbá, ọkọ̀ òfuurufú B-29 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 125 ni wọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí í da bọ́ǹbù oníná sórí Nagaoka ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Wọn ò dáwọ́ dúró títí agogo méjìlá òru fi kọjá. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà nígbà yẹn, nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìgboro ló sì jóná. Àwọn tó kú lé ní 1,480. Odò kékeré kan wà láàárín ìgboro tí wọ́n ń pè ní Kaki. Nígbà tí iná ká àwọn èèyàn mọ́, inú odò yẹn ni ọ̀pọ̀ sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí.

Ọmọ Ìsọlọ̀ ni mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ìtàn odò Kaki fún mi, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, mo ní láti jókòó. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù tí àwọn ológun kó pa mọ́ sí bárékè wọn ń bú ní Ìkẹjà. Mo ṣì kéré. Ohun tí mo rántí ni pé ojú ọ̀run pọ́n, fèrèsé ń gbọ̀n, màámi sì pọn àbúrò mi láìwọ bàtà, wọ́n di ọwọ́ mi mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìró náà ti ń bọ̀. Bí àwọn kan ṣe ń sá lọ ni àwọn mìíràn ń sá bọ̀. Nínú òkùnkùn yẹn ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá wọ kánààlì Òkè-Àfá. Ewéko ti bo ojú omi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ìlú méjì tó jìnnà síra tó báyìí, ìró kan náà, omi kan náà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti fẹ́ mọ bí àwọn ará Nagaoka ṣe ń gbé pẹ̀lú tiwọn.

Ìyá àgbà tó ni ilé tí mo háyà ló mú mi lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni màmá yìí ní 1945. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, a rìn lọ sí etí odò Kaki, níbi tí wọ́n ti ń fi fìtílà sójú omi fún àwọn tó kú. Pákó pẹlẹbẹ ló wà nísàlẹ̀ fìtílà náà, bébà funfun yí i ká, iná kékeré wà nínú rẹ̀. Èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ tàbí orúkọ sára bébà, á rọra gbé e lé omi, odò á máa gbé e lọ. Màmá kọ orúkọ èèyàn tiwọn tó kú, wọ́n sì na gègé sí mi. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ ilé ìwé ní Ìsọlọ̀, tí kò padà wálé láti Òkè-Àfá. Mo fi gbogbo àmì ohùn sí i, torí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é ni mo fẹ́ kó wà.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, ìyẹn àkókò tí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ balẹ̀ gan-an, agogo àwọn tẹ́ńpìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ìlú. Wọ́n wá yìn iná mẹ́ta sókè láti etí odò Shinano. Funfun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí pupa, kò sí àwọ̀ ewé, kò sí orin. Ọ̀kan á gòkè, á là, á máa rọra wálẹ̀ títí á fi kú, kí wọ́n tó yin èkejì. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Àwọn kan pa ọwọ́ pọ̀ síwájú àyà, wọ́n tẹrí ba. Shiragiku ni wọ́n ń pe iná yẹn, orúkọ òdòdó funfun tí wọ́n máa ń tò síbi òkú ní Japan. Kase Seiji, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ iná yíyìn ní Nagaoka, ló ṣe é. Wọ́n ti mú un lẹ́rú ogun lọ sí Siberia rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú síbẹ̀ ló sì tìtorí wọn ṣe é. Lọ́dún 1990, ó gbé e lọ sí Khabarovsk, ó yìn ín létí odò Amur fún wọn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa mọ̀. Ọmọ Nagaoka ni Yamamoto Isoroku, ọ̀gágun ojú omi tó gbèrò ìkọlù sí Pearl Harbor lọ́dún 1941. Ìlú tó bí i àti Honolulu ti di ìlú ọ̀rẹ́ láti ọdún 2012. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, tó pé àádọ́rin ọdún tí ogun parí, wọ́n yin Shiragiku sójú ọ̀run Pearl Harbor fún òkú tọ̀tún tòsì. Mo bi Màmá bó ṣe rí lára wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbé òkú rí kì í bi òkú ní orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ọjọ́ kejì wá dé, ìlú sì yí padà pátápátá. Nítorí èyí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kí èèyàn rí méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ti pẹ́ ní Japan ló kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n mọ̀ nípa ìrìn àjò náà. Bọ̀dá pè mí nígbà tí oṣù Kẹjọ ṣì jìnnà. Wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé o ti fi orúkọ sílẹ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ń ta etí odò ni?” Wọ́n ń tà á o. Láti ọdún 2022, kò sí àyè ọ̀fẹ́ mọ́ níbi tí wọ́n là sílẹ̀ fún òǹwòran létí odò. Èèyàn á fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á dìbò mú àwọn tó máa rí rà. Òtẹ́ẹ̀lì Nagaoka máa ń kún tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí kò bá ní ilé tó máa sùn síbẹ̀, kó wá òtẹ́ẹ̀lì sí ìlú Niigata tàbí ìlú mìíràn tó wà lójú ọ̀nà Shinkansen, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ayára bí àṣá, kó sì mọ aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń gbéra. Láti Tokyo dé Nagaoka kò ju nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì. Láti ibùdókọ̀ dé etí odò, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ooru tó ń rin aṣọ gbingbin. Ẹ gbé omi, abẹ̀bẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré, tàpólì tàbí ẹní, àti ọ̀rá tẹ́ ẹ máa kó pàǹtí yín sí, torí ohun tẹ́ ẹ bá jẹ, ẹ̀yin lẹ máa kó èérún rẹ̀ lọ sílé. Ẹ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà tó wà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á gùn ju sùúrù yín lọ.

Ẹ tún wo atẹ́gùn. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Bí atẹ́gùn bá ń gbé èéfín bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, àwọn iná tó bá tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì lásán lẹ máa rí. Bọ̀dá máa ń wo ibi tí atẹ́gùn máa fẹ́ sí lórí fóònù kí wọ́n tó yan èyí tí wọ́n máa fi orúkọ sílẹ̀ fún nínú bèbè ọ̀tún àti ti òsì. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ọ́n nígbà tí ọjọ́ ṣì jìnnà. Wọ́n ní àwọn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Irú ẹni tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Èmi, Màmá àti Bọ̀dá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín dání nínú kúlà. Ìdílé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé edamame wá, ẹ̀wà sóyà tútù tí wọ́n sè tèèpo tèèpo, tí Nagaoka gbajúmọ̀ fún. A pín in fúnra wa. Ọmọbìnrin wọn kékeré, tó wọ aṣọ yukata aláwọ̀ aró, jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù títí tí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wa, àwa sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó jẹ ẹ́.

Ní agogo méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta funfun yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ yìn. Gbogbo bèbè odò tó ti ń pariwo láti ọ̀sán dákẹ́. Ẹni tó dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn á rò pé ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọ̀ dé. Láàárín alẹ́ méjèèjì, nǹkan bí 20,000 ni wọ́n ń yìn. Kí wọ́n tó yin ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan á kéde orúkọ àwọn tó sanwó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò ní kánjú rárá. Àwọn kan máa ń ráhùn pé ìkéde yẹn ń fa àkókò sẹ́yìn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Àwa tí a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn lóde ìnáwó mọ̀ pé ohun tó dáa ni kí wọ́n pe orúkọ olówó kí ohun tó fowó rẹ̀ ṣe tó fojú hàn.

Ohun tó ba èmi lẹ́rù jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní sanshakudama. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ yin irú rẹ̀ ní Nagaoka. Òòbìrì rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ó tẹ̀wọ̀n tó kìlógírámù 300. Bó bá gòkè tó mítà 600, ó ń là tó mítà 650 ní fífẹ̀. Fèrè ìkìlọ̀ ló ń dún kí wọ́n tó yìn ín. Bí fèrè yẹn ṣe dún, ọwọ́ mi tutù. Mo rí ìlà wúrà tín-ín-rín kan tó ń gùn lókè, tó ń gùn, mo rò pé kò ní dúró mọ́. Ó wá là láìdún, ó bo gbogbo ojú ọ̀run. Ìró kì í yára tó ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà èèyàn á ti máa wo ẹwà rẹ̀ kí ìró tó dé. Nígbà tó dé, inú igbá àyà mi ló ti dún. Ìsọlọ̀ padà sí mi lára, mo di aṣọ Màmá mú. Wọ́n fi ọwọ́ lé ọwọ́ mi, wọ́n sì fẹnu sí mi létí. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun ni ìyá tó bí àwọn fi ń ti fèrèsé pa tó bá di alẹ́ ọjọ́ kejì, tí wọ́n á da aṣọ borí nínú ilé. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn jáde. Ọdún kan ni wọ́n fúnra wọn dìde, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní kí Màmá mú àwọn lọ sí etí odò.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rò jù ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó la ogun já ló fẹ́ gbọ́ ìró iná yìí, àwọn ará ìlú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bá ẹni tó jókòó sílé wí. Nílé wa, nígbà tí ọdún bá ń parí tí àwọn ọmọ ń yin báńgà àti nọ́káòtù ládùúgbò, mo mọ àwọn àgbà ní Ìsọlọ̀ tí ara wọn máa ń gbọ̀n. A máa ń sọ fún wọn pé ó ti pẹ́, kí wọ́n gbàgbé. Mi ò tún ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Phoenix dé, orúkọ ẹyẹ inú ìtàn tó jóná di eérú tó sì tún dìde. Ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Chūetsu ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, èèyàn 68 kú, òkè ya bo ọ̀nà àti abúlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin Phoenix láti fi gbé ara wọn ró. Owó tí àwọn èèyàn dá ni wọ́n fi ń ṣe é títí dòní. Ẹni tó ní kékeré á mú kékeré wá. Láti ibi púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ni wọ́n ti ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì, ó sì ń lọ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú èèyàn ò lè ká a tán. Èèyàn á wo ọ̀tún, ohun tó wà lósì á kọjá lọ. Níkẹyìn mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí tàpólì, mo jẹ́ kó máa wọ̀ mí lójú bó ṣe fẹ́. Bọ̀dá tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ń pe, “Olúwa o! Olúwa o!” lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí iná alẹ́ náà parí, kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún sí àwọn òṣìṣẹ́ tó yin iná, tí wọ́n wà lókùnkùn lórí odò. Kò sí bí ẹnu ṣe lè gbé ọpẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn láti ibi tá a wà, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Mo fẹ́ràn èyí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé pé ìlà ń dúró dè wá ní ibùdókọ̀.

Ní ìlú Ojiya tó wà nítòsí, àwọn ará àdúgbò Katakai náà máa ń yin tiwọn ní ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án fún ọdún ojúbọ Asahara. Kò sí odò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú máa gbádùn ẹ̀ gan-an: àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ nílé ìwé máa ń dáwó jọ yin tiwọn, wọ́n á wọ aṣọ kan náà, gẹ́lẹ́ bí régbérégbé ṣe ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹni tó bímọ á yìn fún ọmọ, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú á yìn fún bàbá.

Láti ìgbà tí mo ti dé láti etí odò yẹn ni mo ti ń bá àwọn tá a jọ kàwé ní Ìsọlọ̀ sọ̀rọ̀ lórí Wáásáàpù. Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Àfá, àwọn èèyàn sì máa ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni kí a máa pe orúkọ àwọn tó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ì báà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, kí fìtílà kan sì wà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. A ò ní yin ohunkóhun. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ irú ìró yẹn ṣì pọ̀ láàárín wa, a ò sì ní kán wọn lójú. Orúkọ la ń kó jọ báyìí láti Ìsọlọ̀, Èjìgbò, Oṣòdì, Máfolúkù àti bárékè. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ò padà wálé lọ́jọ́ náà, kó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní kíkún, pẹ̀lú àmì ohùn àti oríkì rẹ̀ tó bá ní, kí ẹni tó máa pè é má baà ṣì í pè.